Harmonious, concordant, amicable, compatible: èwo ni ó yẹ kí ẹ fi túmọ̀ ìrẹ́pọ̀?

Mo ń ṣe ògbufọ̀, mo sì ń tẹ ìwé ní ìsọ̀ kékeré kan tí kò jìnnà sí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́. Iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn ń gbé wá kì í yàtọ̀ púpọ̀ sí ara wọn: ìwé ètò ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, ìwé òfin ẹgbẹ́ ọmọ bíbí ìlú, àdéhùn lórí ilẹ̀, àti lẹ́tà tí àwọn àgbà àdúgbò ń kọ sí ìjọba ní Alágbàká. Nínú gbogbo wọn, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í ṣàì yọjú, òun ni ìrẹ́pọ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ kí a sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì ti sábà máa ń mú "harmonious" lọ́wọ́ wá láti ilé, bí ẹni pé kò sí òmíràn lórí àtẹ.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ náà sú èmi fúnra mi. Mo ṣí ìwé atúmọ̀-èdè, mo rí "concordant", ó dára lójú mi, mo sì fi sínú ìtàn ìgbésí ayé bàbá olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì kó tó dolóògbé. Mo kọ ọ́ pé òun àti ìyàwó rẹ̀ jẹ́ "a concordant couple" fún ọdún 41. A ti tẹ ẹ̀dà 200 kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀, tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì, tó kà á. Kò pariwo. Ó kàn bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, àyẹ̀wò wo ni ẹ ṣe fún àwọn òbí mi?" Ní ilé ìwòsàn, tọkọtaya tí èsì àyẹ̀wò kòkòrò HIV wọn bá jẹ́ ọ̀kan náà, pàápàá tí àwọn méjèèjì bá ní in, ni wọ́n ń pè ní concordant, bí ọ̀kan bá ní in tí èkejì kò sì ní in, discordant ni wọ́n. Owó ara mi ni mo fi tún ẹ̀dà 200 náà tẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wéra dáadáa kí n tó gbé èyíkéyìí fún oníbàárà, ọ̀nà tí mo sì ń gbà yàn ni mo kọ sílẹ̀ yìí.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ń bi ara mi ni pé, kí ni ó ń para pọ̀? Ṣé ènìyàn ni àbí ohùn, ṣé àwọ̀ aṣọ ni àbí ẹ̀jẹ̀, ṣé ìwé méjì ni àbí ẹ̀rọ? Gẹ̀ẹ́sì kì í lo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún gbogbo wọn, bí àwa náà kò ti ní í sọ pé gèlè àti bùbá rẹ́, nígbà tí ó jẹ́ pé wọ́n kàn bá ara mu ni.

Èkejì ni iye tí ọ̀rọ̀ náà yóò ná yín. Owó ìwé kì í pọ̀ sí i nítorí lẹ́tà méjì tó lé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ń ka ètò níwájú ìjọ yóò kọsẹ̀ lé lórí, tàbí tí atẹ̀wé mẹ́ta nínú mẹ́rin yóò ṣì kọ, ọ̀wọ́n ni ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta ni bí ó ti ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé tó: ṣé ó ní ìtumọ̀ mìíràn ní ẹ̀ka iṣẹ́ kan tí ó lè dójú tì yín bí ó ti dójú tì mí? Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà ni mo fi ṣe ẹ̀kẹrin, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ fi sí ìkẹyìn, nítorí pé ìlò ni ó ń dá ẹjọ́ ọ̀rọ̀, kì í ṣe ilé tí wọ́n bí i sí. Síbẹ̀, ẹni tó bá mọ àwòrán tó fara sin sínú ọ̀rọ̀ kì í tètè ṣì í lò.

Harmonious

Ọ̀rọ̀ àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ni èyí kó tó di ọ̀rọ̀ àwọn akọrin. Ní èdè Gíríìkì àtijọ́, harmos ni oríkèé, ìyẹn ibi tí nǹkan méjì ti so pọ̀. Harmozein ni kí a ki ọ̀kan bọ èkejì kí wọ́n lè dúró ṣinṣin. Harmonia sì ni ìsopọ̀ náà gan-an. Nínú ewì Homer, nígbà tí Odysseus ń kan ọkọ̀ pẹlẹbẹ tí yóò gbé e kúrò ní erékùṣù Calypso, harmonia ni ó fi so àwọn igi ọkọ̀ náà mọ́ra. Nínú ewì kejì tí a mọ̀ mọ́ akéwì yìí kan náà, Hector lo ọ̀rọ̀ náà fún àdéhùn tí ó fẹ́ kí òun àti Achilles jọ ṣe kí wọ́n tó jà, ó sì ní kí àwọn òrìṣà ṣe ẹlẹ́rìí rẹ̀. Ẹ rí i pé láti ìgbà láéláé ni ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò lára pákó, tí ó ti bọ́ sí àárín ènìyàn.

Káfíńtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi kò gbọ́ Gíríìkì kankan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá ń kan férémù ilẹ̀kùn, tí ó dá òòlù dúró, tí ó fi àtàǹpàkò tẹ ibi tí igi inàró ti bá igi ìbú pàdé, tí ó sì ní, "Ó ti jókòó," harmonia ni ó ń sọ.

Orin ni ọ̀rọ̀ náà tún kó wọ̀. Kì í ṣe irú orin tí ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ń kọ, tí sópúránò, áátò, tẹ́nọ̀ àti báàsì ń gba ọ̀nà mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Fún àwọn Gíríìkì, harmonia nínú orin ni bí a ti ń to okùn ohun èlò kí ohùn kan lè tẹ̀ lé èkejì ní ìwọ̀n tó yẹ. Ó pẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà kí àwọn ará Yúróòpù tó máa fi í pe ohùn púpọ̀ tó ń dún papọ̀. Àwọn ará Róòmù gbà á láìyí i padà, àwọn Faransé sọ ọ́ di harmonie, harmony sì wọ inú Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kẹrìnlá. Ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni harmonious tẹ̀ lé e, láti inú harmonieux ti Faransé. Orin ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi í ṣàpèjúwe kí ó tó kan ìwà àti ìbágbé. Harmonium, dùùrù tí a ń fi ẹsẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí nínú, èyí tí Alexandre Debain sọ lórúkọ ní Paris ní ìwọ̀n ọdún 1840, láti inú ẹbí kan náà ni ó ti jáde. Àwọn onímọ̀ èdè tún wú gbòǹgbò náà jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ní òun ni ó bí arm tí í ṣe apá, àti art tí í ṣe iṣẹ́ ọnà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání nínú gbogbo èyí ni pé oríkèé kì í béèrè pé kí nǹkan méjì jọra. Igi inàró àti igi ìbú ni káfíńtà ń so. Bí àwọn méjèèjì bá kọrí sí ọ̀nà kan náà, kí ni a fẹ́ fi ìsopọ̀ ṣe? Heraclitus, ọlọ́gbọ́n ará Ephesus, tilẹ̀ fi harmonia wé ti ọrun àti ti ohun èlò olókùn. Igi ọrun ń fà síhìn-ín, ọsán ń fà sọ́hùn-ún, ìfàsíhìn-ín-fàsọ́hùn-ún náà ni ó sì ń jẹ́ kí ọrun lè ta ọfà. Nítorí náà, harmonious kò túmọ̀ sí pé kò sí èdèkòyédè. Ẹni tó bá sì fi í túmọ̀ ìṣọ̀kan ti ṣì í díẹ̀, nítorí pé ìṣọ̀kan ni kí púpọ̀ di ọ̀kan, unity ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Harmonious gbà kí púpọ̀ máa jẹ́ púpọ̀, kí wọ́n ṣáà ti wọ inú ara wọn.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè wa mọ èyí nígbà tí wọ́n wá orúkọ fún vowel harmony, tí wọ́n sì pè é ní àǹkóò fáwẹ̀lì. Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, nítorí pé àǹkóò fúnra rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni, láti inú "and Co." tí wọ́n ń kọ sí ara pátákó ilé iṣẹ́ àwọn òyìnbó. Nígbà tí mo rò ó síwájú sí i, mo rí i pé wọn kò lè rí ọ̀rọ̀ tó sàn jù ú lọ. Níbi ìnáwó, aṣọ ni ó dọ́gba, ènìyàn inú aṣọ kò dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ náà ni nínú ọ̀rọ̀ onísílébù méjì: e àti o a máa rìn pọ̀, bí i nínú ewé, owó àti èso, ẹ àti ọ a máa rìn pọ̀, bí i nínú ẹsẹ̀ àti ọ̀bẹ, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kan kì í wọ inú ẹgbẹ́ kejì nínú irú ọ̀rọ̀ tí a kò ṣẹ̀dá bẹ́ẹ̀. Ní ẹ̀ka-èdè Àkúrẹ́, ọ̀rọ̀ náà le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé i àti u pàápàá, tí Yorùbá àjùmọ̀lò gbà kí wọ́n bá ẹgbẹ́ méjèèjì ṣe, ń pa ohùn dà díẹ̀ láti bá fáwẹ̀lì tó tẹ̀ lé wọn mu. Ẹni tó bá ti gbọ́ tí àgbà Àkúrẹ́ pe ilé ní ulé mọ̀ pé u wa níṣẹ́ tí Yorùbá inú ìwé kò fún un.

Ní ti iye tó ń ná ènìyàn, harmonious wà ní àárín. Gbogbo ẹni tó bá ka ìwé mẹ́wàá mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n púpọ̀ ń gbàgbé lẹ́tà i tó wà ṣáájú o àti u, wọ́n á kọ "harmonous". Nínú ohùn, harmony gbé sílébù àkọ́kọ́ sókè, harmonious sì gbé èkejì sókè. Àwọn ọmọ tó ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ pé irú ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú ènìyàn. Ó ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé púpọ̀, nítorí pé kò sí ẹ̀ka iṣẹ́ kan tí ó ti sọ ọ́ di nǹkan ìtìjú. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé àwọn olóṣèlú ti lò ó gbó, kò sì sí ìgbà tí mo kọ "harmonious relationship" tí n kì í ronú nípa ìwé ìkíni ọdún láti ọ́fíìsì ìjọba.

Ẹ má ṣe fi í dípò melodious o. Ohùn ẹnìkan ṣoṣo lè jẹ́ melodious, bí ohùn King Sunny Adé, ọmọ Oǹdó, ti rí nígbà tí ó bá dá kọrin. Ìgbà tí àwọn ẹlẹ́gbè bá gbe orin náà ni harmonious tó lè wọlé. Melos tó wà nínú melodious, orin ni ní Gíríìkì, ó sì tún jẹ́ ẹ̀yà ara. Ọ̀kan jẹ́ ẹ̀yà, ọ̀kan jẹ́ oríkèé.

Concordant

Con- ni papọ̀, cor sì ni ọkàn ní èdè Látìn. Bí a bá fi gbòǹgbò nìkan ṣe é, òun ni ì bá sún mọ́ ọkàn kan tí a máa ń sọ jù lọ. Àwọn ará Róòmù sọ Concordia di òrìṣà obìnrin, wọ́n sì ní tẹ́ńpìlì rẹ̀ nínú ọjà ńlá wọn. Ìtàn wọn sọ pé ìparí aáwọ̀ láàrin àwọn ọlọ́lá àti mẹ̀kúnnù ni ó fa ẹ̀jẹ́ tẹ́ńpìlì náà. Ẹbí ọ̀rọ̀ yìí pọ̀: cordial, accord, àti accordion tí I. K. Dairo ti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà máa ń tẹ̀ nínú jùjú rẹ̀. Concorde, bàálù tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé jọ kàn, tí ó kọ́kọ́ fò ní 1969 tí ó sì fẹ̀yìn tì ní 2003, inú ẹbí náà ni ó wà. Ọkàn kan ni wọ́n fi sọ bàálù yìí lórúkọ, síbẹ̀ wọ́n jà lórí lẹ́tà e tó kẹ́yìn rẹ̀: ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yọ ọ́ kúrò, kí mínísítà wọn, Tony Benn, tó dá a padà ní 1967.

Ní ilẹ̀ wa, nígbà tí M. K. O. Abíọ́lá dá ìwé ìròyìn National Concord sílẹ̀ ní 1980, ilé iṣẹ́ náà tún ń tẹ ìwé ìròyìn kan ní èdè Yorùbá, Ìṣọ̀kan ni wọ́n pè é. Ìtumọ̀ tó dára ni. Ṣùgbọ́n concord tí í ṣe ọ̀rọ̀-orúkọ ni ìyẹn, kì í ṣe concordant. Concordant ti ṣí kúrò ní ilé, ó ti lọ ń gbé nínú yàrá àyẹ̀wò. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe ìdánwò kẹ́místìrì ń wá "concordant titres", ìyẹn èsì tí ìyàtọ̀ wọn kò tó nǹkan. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí lórí ìbejì ń lò ó fún ìbejì tí àwọn méjèèjì jọ ní àmì àìsàn kan. Àwọn onímọ̀ nípa àpáta ń lò ó fún àpáta tó wọlé sáàrin àwọn ìpele òkúta láìgé wọn kọjá. Àwọn nọ́ọ̀sì ńkọ́? Mo ti sọ ohun tí àwọn ń fi í ṣe.

Nítorí náà, ó wọ́n, kò sì ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé lẹ́yìn iṣẹ́ ìwádìí. Bí ẹ bá ń kọ̀wé pé ìròyìn méjì tàbí èsì méjì gbe ara wọn lẹ́sẹ̀, ẹ lò ó, ó péye ju harmonious lọ. Bí ó bá jẹ́ ènìyàn ni ẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ kọ "in concord" tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀ pátápátá.

Amicable

Bí ẹ bá tú ìrẹ́pọ̀ palẹ̀, rẹ́ ni ẹ óò rí, àti pọ̀. Rẹ́ yìí náà ni ó wà nínú ọ̀rẹ́. Látìn ní irú rẹ̀ gẹ́lẹ́: amicus ni ọ̀rẹ́, ó bá amare tí í ṣe ìfẹ́ tan, amicabilis sì ni ohun tí a fi ìwà ọ̀rẹ́ ṣe. Nípa gbòǹgbò, amicable ni ìbejì ìrẹ́pọ̀, kì í ṣe harmonious tí gbogbo wa ń sáré mú. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo rí i, mo sì fẹ́ sáré lọ máa fi í rọ́pò harmonious káàkiri.

Ìlò ni ó dá mi dúró. Nínú Gẹ̀ẹ́sì òde òní, amicable a máa gbé òórùn ìjà tó ti kọjá dání. Settlement ni ó sábà máa ń tẹ̀ lé e, tàbí agreement, tàbí divorce. Bí ẹ bá kọ "an amicable marriage" sínú ìwé ètò ìgbéyàwó, ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa yóò máa wo ẹ̀yìn ìyàwó bóyá agbẹjọ́rò ń bọ̀. Ní ti Yorùbá, ìtùbí-ìnùbí ni ó bá a mu jù. Nínú ìwé àdéhùn lórí ilẹ̀, níbi tí ẹbí méjì ti fa ààlà títí tí wọ́n fi gba ìmọ̀ràn àwọn àgbà, kò sí ọ̀rọ̀ tó dára tó o. Harmonious níbẹ̀ yóò jẹ́ irọ́, nítorí pé àwọn ẹbí náà lè má kí ara wọn mọ́ láéláé. Wọ́n kàn gbà láti má jà mọ́ ni.

Ó rọrùn láti kọ, ó sì rọrùn láti pè, sílébù àkọ́kọ́ ni ó ń gòkè. Ewu kan ni amiable, tí ó ti inú Látìn kan náà wá gba ẹnu Faransé kọjá, tí àwọn méjèèjì sì jọra bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ènìyàn ni a ń pè ní amiable, ọlọ́yàyà ni ìyẹn. Àjọṣe tàbí àdéhùn ni a ń pè ní amicable.

Compatible

Ẹnu àwọn tó ń tún fóònù ṣe ni ẹ ó ti gbọ́ èyí jù ní Àkúrẹ́, pé ṣájà yìí kò "compatible" pẹ̀lú fóònù yẹn. Gbòǹgbò rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn: pati ní Látìn ni kí a jìyà tàbí kí a fara dà á, compati sì ni kí a jọ jẹ ìyà pọ̀. Ìjọ Àgùdà ní Yúróòpù ayé àtijọ́ lò ó fún oyè àlùfáà méjì tí ẹnìkan ṣoṣo lè dì mú papọ̀ láìrú òfin. Láti inú oyè tó lè fara da ara wọn ni ó ti di ohunkóhun tó lè bá òmíràn gbé.

Ẹ kíyè sí "lè" yẹn, nítorí pé ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà. Compatible ń sọ pé ó ṣeé ṣe kí àwọn méjì bá ara wọn gbé. Harmonious ń sọ pé wọ́n ti ń bá ara wọn gbé, ó sì dára. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó ń béèrè ìwé àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù kí wọ́n tó so àfẹ́sọ́nà pọ̀. Bí ọkọ bá jẹ́ AS tí ìyàwó náà sì jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà jẹ́ SS, dókítà yóò sì sọ pé wọn kò compatible. Síbẹ̀, irú tọkọtaya bẹ́ẹ̀ lè ní ilé tó jẹ́ harmonious títí di ọjọ́ ogbó. Ọkọ àti aya mìíràn jẹ́ AA méjèèjì, wọn kò sì lè jẹun nínú àwo kan.

Fún ẹ̀jẹ̀, ẹ̀rọ, oògùn méjì tí a fẹ́ lò pọ̀, àti ètò orí kọ̀ǹpútà, ẹ má ṣe wá òmíràn. Fún ìwé ìyìn ènìyàn, ó tutù jù.

Consonant

Sonare ni kí nǹkan dún. Consonant ni ohun tó ń dún pẹ̀lú òmíràn. Àwọn onígírámà Látìn fi pe lẹ́tà tí wọ́n gbà pé kò lè dá dún láìsí fáwẹ̀lì, ìyẹn ni kọ́ńsónáǹtì tí a kọ́ ní ilé ìwé, méjìdínlógún ni ti Yorùbá. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-àpèjúwe, "with" ni ó máa ń tẹ̀ lé e, ó sì túmọ̀ sí pé nǹkan kan wà ní ìbámu pẹ̀lú òmíràn. Mo ń lò ó nínú ìwé òfin ẹgbẹ́ nìkan, fún àpẹẹrẹ pé òfin kékeré kan "is consonant with" òfin ńlá. Níbòmíràn, gbogbo òǹkàwé ni yóò rò pé lẹ́tà b tàbí d ni ẹ ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìkìlọ̀ kan bọ ọ́. Bí ẹ bá wo ìfohùnṣọ̀kan, ohùn ni ẹ rí, ó sì lè mú yín rò pé consonant ni ó yẹ, tàbí symphonic, tí òun náà jẹ́ ohùn tó pàdé ní Gíríìkì. Bẹ́ẹ̀ kọ́ rárá. Unanimous ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, unus àti animus, ọ̀kan àti ọkàn. A fi ohùn sọ ọ́, wọ́n fi ọkàn sọ ọ́, ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìpàdé.

Congruous

Ọ̀rọ̀ kékeré tó fún èyí. Congruere ni kí nǹkan pàdé kí ó sì bára dé. Congruous fúnra rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, incongruous tí í ṣe òdì rẹ̀ ni ó kù tó ń rìn lójú pópó. Congruent tí í ṣe ìbátan rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún olùkọ́ ìṣirò àti ìgun mẹ́ta tó dọ́gba délẹ̀.

Ta ni kí ó mú èwo

Ẹni tó ń ṣe ìwé ètò ìgbéyàwó, ìsìnkú tàbí ìkóre, kí ó mú harmonious, kí ó ka lẹ́tà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ó sì bi ara rẹ̀ léèrè bóyá kì í ṣe unity gan-an ni oníbàárà fẹ́ sọ. Ẹgbẹ́ akọrin tó ń kọ orin alápá mẹ́rin lè mú un pẹ̀lú. Anìkan-kọrin kò lè mú un. Àwọn àgbà àdúgbò tó ń kọ̀wé sí ìjọba nípa bí onílùú, Ígbò, Ẹ̀bìrà àti Haúsá ti jọ ń tajà lọ́jà kan, ọ̀rọ̀ tiwọn náà nìyẹn, "harmonious coexistence", nítorí pé kò sí ẹni tó ní kí ẹnìkankan di ẹlòmíràn. Aránṣọ tó ń kọ nípa àwọ̀ gèlè àti ìró lè lò ó fún àwọ̀ tó yàtọ̀ ṣùgbọ́n tó bára mu. Bí àwọ̀ náà bá jẹ́ ọ̀kan, matching ló tó.

Ẹbí tó parí ìjà lórí ilẹ̀, àti tọkọtaya tó túká láìsí ariwo, amicable ni tiwọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ èsì ìwádìí, kí ó mú concordant láìbẹ̀rù. Ẹni tó ń ta fóònù, dókítà, àti olùdámọ̀ràn àwọn àfẹ́sọ́nà, kí wọ́n máa bá compatible lọ. Akọ̀wé ẹgbẹ́ tó fẹ́ràn Gẹ̀ẹ́sì tó le nìkan ni mo lè fi consonant lé lọ́wọ́, èmi yóò sì tún bẹ̀ ẹ́ kí ó rò ó wò.

Nínú ẹ̀dà kejì ìwé bàbá olùkọ́ yẹn, mo kọ ọ́ pé "theirs was a harmonious home". Nọ́ọ̀sì náà kà á, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá rẹ́rìn-ín. Ó ní bàbá àti ìyá òun jà dáadáa láyé wọn, pàápàá lórí owó ilé ìwé, pé kí n ṣáà máa tẹ̀ ẹ́ lọ.